Ẹgbẹ̀rún Fírémù Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá díẹ̀, ní Ìsọkùn,
iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gba iṣẹ́,
ó ń wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Epo inú rẹ̀ kò ju ti wákàtí mẹ́ta lọ.
Mo sì jẹ Alhaja Ṣìfáwù ní ogójì ìṣẹ́jú àáyá:
búrẹ́dì tí ń yọ láti inú ààrò,
ìyẹ̀fun tí ń fò, tí ń balẹ̀, tí ń di orúkọ rẹ̀.
Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ló fẹ́ rí i lójú pátákó oníná.

Fírémù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ.
Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹgbẹ̀rún.
Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni kọ̀ǹpútà fi ń kun ọ̀kan.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì epo,
ó di wákàtí márùn-ún ààbọ̀.
Mo tún un ṣe, bóyá iye yóò ṣàánú mi.
Iye kì í ṣàánú ọmọ ẹnìkan.

Mo bá lóṣòó.
Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.
Bàbá bàbá mi, Ògúndìran, òṣómàáàlò ni,
ó ń ru aṣọ àwìn láti Iléṣà dé ilẹ̀ àwọn tí kò gbọ́ Ìjẹ̀ṣà.
Bí ọjọ́ owó bá pé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jókòó, kò ní mumi, àfi tó bá gbowó.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe níwájú ọ̀pá funfun tí ń rákò lójú kọ̀ǹpútà:
san án. Fírémù kejìlá. San án. Ìkẹtàlá.

Ìgbà náà ni mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń wo iṣẹ́ inú ẹ̀rọ.
Ọpọlọ mẹ́jọ ni mo rà,
owó mẹ́jọ ni mo san fún ọkùnrin Òkèsà yẹn.
Ọ̀kan ṣoṣo ló ń làágùn.
Méje na ẹsẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Ìyá àgbà fẹ́ràn láti máa sọ ọ́:
ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ ni ọkọ òun ní, kò fọkàn tán ẹnì kan,
òun nìkan ló ń rin gbogbo ìlú yí ká
tí àwọn ọmọ ń ta ayò nílé.
Lọ́jọ́ tó wá rán wọn lẹ́ẹ̀kan náà,
owó ọkọ̀ ẹni márùn-ún ló wà lápò rẹ̀. Ó pín in fún mẹ́jọ.
Kò sẹ́ni tó débi tó ń lọ.
Ojú ọ̀nà ni wọ́n sùn, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ìyẹ̀fun ni mo kọ́kọ́ yanjú, torí ìyẹ̀fun kò ṣeé pín.
Ibi tí eruku wà ní fírémù kẹwàá,
ibi tó wà ní ìkẹsàn-án ló ti fò wá.
Ọ̀kan péré ló gbọ́dọ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀,
bí ìtàn tí ọmọdé kò gbà kí a fo ibì kan.
Ogójì ìṣẹ́jú. Mo kó o pamọ́ sínú díìsìkì.
Epo ń lọ.

Lẹ́yìn náà mo ka owó ọkọ̀.
Gíìgì mẹ́rìndínlógún ni ìrántí ẹ̀rọ mi,
ọpọlọ kọ̀ọ̀kan yóò gba mẹ́ta kó tó lè gbé àwòrán yìí.
Márùn-ún ni mo rán. Gíìgì kan ṣẹ́ kù fún onílé.
Igba fírémù fún ìwọ, igba fún ìwọ,
ẹ má dúró de ara yín. Ẹ lọ.

Fáànù pariwo. Tábìlì gbóná
débi pé ológbò ará ilé kejì wá sùn tì í.
Aago kan ààbọ̀ kò tíì lù tí wọ́n fi kó ẹgbẹ̀rún dé.

Mo wò ó láti òkè délẹ̀.
Fírémù ẹgbẹ̀ta lé mẹ́tàlá dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ọwọ́ ẹni kẹrin ló wà.
Ògúndìran ì bá ní, mo ṣáà ti wí fún yín.
Ìyàwó rẹ̀ ì bá ní, rán ọ̀kan padà.

Mo tún lóṣòó.
Ogún ìṣẹ́jú àáyá.